Bí Ìwé àti Ohun Èlò Àtijọ́ Ṣe Ń Pẹ́ Láyé

Inú ilé ìpamọ́ ìwé tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n ń kó ìwé ìjọba amúnisìn àti ìwé ìròyìn àtijọ́ pamọ́ sí. Òpìtàn Kenneth Dike ló ṣáájú ìdásílẹ̀ ilé ìpamọ́ yìí lọ́dún 1954. Ikán, ọ̀rinrin, eruku àti oòrùn ni ọ̀tá ìwé. Nítorí náà, inú páálí tó ní nọ́ńbà ni wọ́n ń tò ó sí. Pẹ́ńsù ni òǹkàwé sì ń lò, torí tàdáwà tó bá ta sílẹ̀ kò ṣeé pa rẹ́.

Ní ti ohun èlò, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ló kọ́kọ́ ṣí ní Nàìjíríà, lọ́dún 1945, nítorí àwọn ère òkúta ibẹ̀. Ìkòkò àti ọkọ́ náà yẹ ní pípamọ́, ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ ibi tí wọ́n ti wá àti ìlò wọn sílẹ̀, ìtàn wọn ti sọnù.