Ilé Tó Ń Jò, Ọmọ Tó Ń Wúkọ́

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ilé tèmi ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, òrùlé yàrá tí àwọn ọmọ mi ń sùn bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Kò jò púpọ̀. Ó kàn ń kán tó, tó, tó, ní igun kan ṣoṣo. Mo gbé bàsíà sí i. Bí bàsíà bá kún, mo dà á nù, mo tún gbé e padà síbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, torí ilẹ̀ kò tutù, ẹní kò tutù. Nígbà tó yá, ògiri igun yẹn pọ́n bí ìgbà tí wọ́n da omi kọfí sí i, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Mo ra ọ̀dà funfun, mo kùn ún. Oṣù méjì kò tíì pé, dúdú yẹn tún yọ síta. Mo tún kùn ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kun ògiri kan náà.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, àbíkẹ́yìn mi, tó ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́ta, ń wúkọ́ lóru. Bílẹ̀ bá mọ́, tó bá jáde síta lọ ṣeré, ikọ́ á dẹ̀ ẹ́. Tó bá di alẹ́, tó tún sùn, ó tún dé. Kò sí àgbo tí n kò ṣe. Àwọn kan tilẹ̀ ní kí n lọ ṣèwádìí, wọ́n ní ayé ló fọwọ́ kan ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì kan ló bi mí ní ìbéèrè tí ẹnì kankan kò bi mí rí. Ó ní, "Màmá, níbo ni ọmọ yìí ń sùn?"

Ẹ jẹ́ ká ti òkè wá sílẹ̀. Páànù tí a fi ń bo ilé wa, ìṣó ni wọ́n fi ń kàn án mọ́ igi. Ìṣó yẹn ní fìlà, rọ́bà sì wà lábẹ́ fìlà náà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Lọ́sàn-án, oòrùn á mú páànù gbóná, á fẹ̀. Lóru, á tutù, á sún kì. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, ìṣó á máa tú díẹ̀díẹ̀, rọ́bà á gbó, á sán. Ojú ìṣó ni ọ̀pọ̀ jíjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ káfíńtà ni: ó ṣahun páànù, kò jẹ́ kí méjì gun ara wọn tó, tàbí kẹ̀ ó kan ìṣó sínú kòtò páànù tí omi ń gbà kọjá, dípò kó kàn án sí ibi tó yọrí sókè. Òmíràn sì wà tó jẹ́ ewé máńgòrò tó já sórí ilé, tí a kò gbá kúrò, ló di omi mú níbẹ̀ títí páànù fi dípẹtà.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ ni pé ibi tí omi ti ń kán kọ́ ni ibi tí ihò wà. Omi máa ń tọ igi òrùlé lọ, ó lè rìn tó mítà méjì kó tó já sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ihò, kó wọ yàrá lọ́sàn-án gangan, kó ti ìlẹ̀kùn àti fèrèsé pa, kó gbójú sókè. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ bí ìràwọ̀, kó fi ẹfun sàmì sí igi tó wà nítòsí rẹ̀. Bí ilé bá ní àjà, orí àjà ni kó ti wò ó.

Nǹkan dúdú tó yọ lára ògiri mi ńkọ́? Èébu ni. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹ̀kọ, ẹ mọ bí ẹ̀kọ tí a gbàgbé sínú apẹ̀rẹ̀ ṣe máa ń bu. Ìran kan náà ni wọ́n. Ohun ẹlẹ́mìí ni èébu, ó ń jẹun, ó sì ń bí sí i. Irúgbìn rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i, inú afẹ́fẹ́ ló ń fò kiri, kò sì sí ilé tí kò sí, títí dé ilé olówó. Bó bá bà lé ohun tó gbẹ, kò lè ṣe nǹkan kan. Bó bá bà lé ohun tó tutù, ì báà jẹ́ igi, páálí, aṣọ, ẹní tàbí ọ̀dà ara ògiri, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù.

Ìdí rèé tí bàsíà mi kò fi ṣe mí láǹfààní tó bí mo ṣe rò. Omi tó bọ́ sínú bàsíà kọ́ ni ìṣòro. Èyí tó wọ inú pákó àjà àti inú ògiri, tí kò rí oòrùn, òun ni. Ọ̀dà tí mo sì ń kùn lé e lórí, bí ẹni tó we gèlè lé orí tí làpálàpá wà ni mo ṣe ń ṣe.

Bí èébu bá ti gbilẹ̀ nínú yàrá, irúgbìn rẹ̀ là ń fà símú ní gbogbo òru. Ẹlòmíràn kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ẹlòmíràn á máa sín, imú rẹ̀ á dí, ojú á máa yún un, ọ̀nà ọ̀fun á máa há. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, ó lè gbé e dìde lójijì. Lọ́dún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n ní àìsàn èémí máa ń yọ àwọn tó ń gbé inú ilé tó tutù, tó hu èébu, lẹ́nu ju àwọn yòókù lọ, ikọ́ fée sì máa ń le sí i fún ẹni tó bá ti ní in. Ẹ sì wò ó, ta ló ń sùn sórí ẹní lẹ́bàá ògiri nílé wa? Ọmọdé ni. Imú tiwọn ló sún mọ́ ọn jù.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ mi lódì o. Kì í ṣe gbogbo ikọ́ ló ti ọ̀dọ̀ èébu wá, n kò sì fẹ́ kí ìyá kankan máa fọ ògiri nígbà tó yẹ kó ti wà lọ́nà ilé ìwòsàn. Bí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò sunkún. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, bó bá tó 60. Ọmọ oṣù méjì sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, bó bá tó 50. Ọmọ ọdún kan sí ọdún márùn-ún, bó bá tó 40, ẹ gbé e lọ. Bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó bá ń fa èémí, tàbí tí kò lè mu ọmú, ẹ má dúró kílẹ̀ mọ́. Ikọ́ tó bá sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì lára ẹnikẹ́ni, àgbà tàbí ọmọdé, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó tún ku àgbàdo. Ní apá Kétu àti Ṣábẹ, ọ̀pọ̀ wa ló ń kó àgbàdo àti ẹ̀pà sínú yàrá tàbí sórí àjà. Bí òrùlé bá kán sórí àpò kan lóru, a lè má mọ̀ títí a ó fi ṣí i. Oríṣi èébu kan wà tó fẹ́ràn àgbàdo àti ẹ̀pà, ó sì máa ń ṣe májèlé sínú wọn. Aflatoxin ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Sísè àti sísun kì í pa á tán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí a lè gbọ̀n dànù, torí ó lè ti wọ inú hóró tí ojú rí bí èyí tó dára. Lọ́dún 2002, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí 480 ọmọdé ní ilẹ̀ Benin wa yìí àti ní Tógò, àwọn tí kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni wọ́n rí àmì májèlé yìí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọn tí tiwọn sì pọ̀ jù ni àwọn tí kò dàgbà tó ọjọ́ orí wọn. Ní Kẹ́ńyà, lọ́dún 2004, àgbàdo tó ti bu nínú ilé pa 125 ènìyàn.

Kì í ṣe òrùlé nìkan ló ń fà á. Àgbàdo tí kò gbẹ kí a tó kó o wọlé pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Àpò kan, owó ni. Mo ti rí ẹni tó sá èyí tó ti bu, tó pò ó mọ́ èyí tó dára, tó sì tà á. N kò ní fìka sí i lójú, òun náà ní ọmọ tó ń bọ́. Àmọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ń lọ fi ṣe ògì fún ọmọ tí kò tíì léyín tán. Ẹ má sì sọ pé ẹ ó fún adìẹ jẹ, adìẹ gan-an kì í fara dà á. Ẹ to àpò yín sórí igi, kó má kan ilẹ̀, kó má kan ògiri, kí ẹ sì mọ ibi tí òrùlé ti ń jò kí ẹ tó yan ibi tí ẹ ó tò ó sí.

Bí a ṣe máa tún un ṣe, òrùlé ló ṣáájú. Ẹni tó bá fọ ògiri nígbà tí òrùlé ṣì ń jò, iṣẹ́ òfò ló ṣe. Ìṣó tó ti tú, kí káfíńtà yọ ọ́, kó kan èyí tó nípọn jù ú lọ pẹ̀lú rọ́bà tuntun. Bí kò bá sí, wọ́n ń gé rọ́bà inú táyà alùpùpù sí i, ó ń ràn wá lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀. Páànù tó ń fọ́ lábẹ́ ìka, pípààrọ̀ ni, kò sí ọgbọ́n mìíràn. Ìgbà ọyẹ́ ni iṣẹ́ yìí rọrùn jù, kí òjò oṣù kẹta, oṣù kẹrin tó dé. Ẹnikẹ́ni má gun orí ilé tó tutù. Bí omi bá sì ń kán gba ibi wáyà tàbí gílóòbù, ẹ pa iná gbogbo ilé kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Mo mọ̀ pé owó ló ń dí wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá àjọ, nígbà tó bá kàn yín láti kó o, ẹ rántí páànù kí ẹ tó rántí aṣọ ẹbí. Ẹ má bínú sí mi o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì háyà ilé, ẹ pe baba onílé kó wá gbóòórùn yàrá fúnra rẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bó bá ní òun á bá yín kun ọ̀dà, ẹ ní rárá, òrùlé ni.

Lẹ́yìn òrùlé, gbígbẹ ló kàn. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ kó ẹní, aṣọ àti ibùsùn sóòrùn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Fóòmù ibùsùn tó ti mu omi yó, tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀, tó ń rùn, kò sí bí a ṣe fẹ́ fọ inú rẹ̀. Pákó àjà tó ti wú, ẹ yọ ọ́ dànù. Èyí tó wà lára ògiri, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a, ńṣe ni yóò fò kún inú yàrá. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ lo Javel, kó má pò ó mọ́ ọtí kíkan tàbí oògùn tí wọ́n fi ń fọ ṣalángá, torí èéfín tó máa jáde níbẹ̀ lè ṣe èèyàn léṣe gan-an. Ìgbà tí ògiri bá gbẹ tán ni ọ̀dà tó wúlò.

Ilé alámọ̀ tún le ju èyí lọ. Ẹ wo àwọn ilé Àgùdà àtijọ́ ní Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn tó padà wá láti Brazil àti àwọn ọmọ wọn kọ́. Amọ̀ ni ògiri ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti dúró láti ìgbà àwọn bàbá ńlá. Àmọ́ èyí tí òrùlé rẹ̀ bá ti ṣí, òjò ọdún díẹ̀ ló ń sọ ọ́ di òkìtì. Bí ògiri amọ̀ tí òjò ń kán sí bá ti sán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sí abẹ́ rẹ̀ mọ́.

Nílé tèmi, ìṣó méjì péré ni káfíńtà bá tó ti tú. Owó ọ̀dà tí mo rà lẹ́ẹ̀mẹta ju owó tó gbà lọ. Nígbà tó yọ pákó àjà igun yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ikọ́ ọmọ náà kò tán lọ́jọ́ kan, ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó sùn mọ́jú.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó tẹ́ ẹní fún ọmọ, ẹ sún un kúrò lẹ́bàá ògiri díẹ̀, kí ẹ fọwọ́ pa ògiri yẹn láti òkè wá sílẹ̀, kí ẹ sì gbóòórùn ọwọ́ yín.