Oríṣiríṣi Ìtàn Tí A Jogún, àti Iṣẹ́ Tí Ọ̀kọ̀ọ̀kan Ń Ṣe

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́)

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ tí ó ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìtàn tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn baba wa. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí àkókò, nítorí Ẹgbẹ́ ti pinnu láti tẹ ìwé ìtàn ìlú wa, àríyànjiyàn sì ti bẹ́ sílẹ̀ kí a tó kọ ojú ewé kan. Àwọn kan ní ìtàn àdúgbò kan ni kí a kọ, kí a fi ti àdúgbò kejì sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní ohun tí ó bá ti ní ejò àti iwin nínú, irọ́ ni, kò yẹ kí ó wọ ìwé. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ yìí yóò rọ̀ bí a bá kọ́kọ́ mọ̀ pé ìtàn àtẹnudẹ́nu pín sí oríṣiríṣi, àti pé oríṣi kọ̀ọ̀kan ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya àlọ́ sọ́tọ̀. Nígbà tí apàlọ́ bá ké àlọ́ lálẹ́ tí àwọn ọmọ sì dáhùn, gbogbo wa ti mọ̀ pé Ìjàpá kò ní ojúlé tí a lè lọ kí i sí. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn ní orúkọ ènìyàn, ó ní orúkọ ibi, ẹni tí ń sọ ọ́ sì fẹ́ kí a gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Jacob àti Wilhelm Grimm, àwọn ọmọ Jámánì tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí àlọ́ tí wọ́n kó jọ, rí ìyàtọ̀ yìí pẹ̀lú. Wọ́n kó ìtàn irú èyí jọ lọ́tọ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé 2, ọ̀kan ní ọdún 1816, èkejì ní ọdún 1818.

Oríṣi kìn-ín-ní ni ìtàn ìwáṣẹ̀. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ bí omi ti bo ilẹ̀ ayé, bí Ọbàtálá ti mu ẹmu yó sójú ọ̀nà, tí Odùduwà sì gba àpò iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ láti ọ̀run pẹ̀lú erùpẹ̀ àti adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún. Adìẹ tan erùpẹ̀ náà, ilẹ̀ sì fẹ̀, a sì pe ibẹ̀ ní Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá ń béèrè bí ẹ̀wọ̀n náà ti gùn tó ti ṣìnà. Ìtàn yìí ń sọ ìdí tí àwọn ọba aládé fi ń wo Ilé-Ifẹ̀ bí orísun, ó sì ń sọ pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wa. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ń ṣe é dáadáa.

Oríṣi kejì ni ìtàn ìtẹ̀dó. Wọ́n ní ejò ńlá kan tí a so oògùn mọ́ ni Ọ̀rànmíyàn tẹ̀ lé, ibi tí ejò náà sì dúró sí ni ó tẹ Ọ̀yọ́ dó sí. Wọ́n ní nígbà tí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọlọ́dẹ dé etí odò Ọ̀ṣun pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn, igi kan tí wọ́n gé wó sínú odò, ohùn kan sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Wọ́n bá Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú, wọ́n sì ṣí kúrò létí omi. Ẹ wo ohun tí ìtàn náà ṣe. Nítorí rẹ̀ ni ó fi jẹ́ èèwọ̀ láti dọdẹ tàbí láti gé igi nínú igbó náà, àti láti pa ẹja inú odò rẹ̀. Igbó púpọ̀ ní ilẹ̀ wa ti di oko àti ilé, ṣùgbọ́n igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo dúró, débi pé ní ọdún 2005 àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọdọ̀ dáàbò bò. Ẹni tí ó bá ní irọ́ ni ìtàn ìkòkò aró, kí ó sọ fún wa òfin wo ni ó tún lè ṣọ́ igbó tó bẹ́ẹ̀.

Oríṣi kẹta ni ìtàn akọni. Mọrèmi ni olórí wọn. Àwọn ọ̀tá ń fi koríko bo ara bí ẹbọra, wọ́n ń kó àwọn ará Ifẹ̀ lẹ́rú. Mọrèmi jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn, ó jẹ́ kí wọ́n mú òun, ó di ìyàwó ọba wọn, ó mọ àṣírí wọn, ó sì sá padà wá sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé iná ni kí wọ́n dì mú. Nígbà tí ó fẹ́ san ẹ̀jẹ́, odò kọ àgùntàn, ó kọ ewúrẹ́. Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, ni odò gbà. Ní Ifẹ̀, ọdún Edì ni a fi ń rántí rẹ̀. Irú ìtàn yìí ń kọ́ ọmọ pé ìlú kì í dùn lásán, ẹnìkan ni ó ń san owó rẹ̀. Ẹ̀yin ará, Ẹgbẹ́ kò béèrè ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Owó ìdáwó lásán ni, síbẹ̀ ẹ mọ iye àwa tí a ti san án.

Oríṣi kẹrin ni ìtàn tí ó rọ̀ mọ́ ibì kan tí ojú rí: òkè, odò, igi, tàbí yàrà. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Erédò Ṣùngbọ́ yí ilẹ̀ ká tó nǹkan bí kìlómítà 160. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó mítà 20. Ìtàn ní obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, Bílíkísù Ṣùngbọ́, ni ó ní kí a gbẹ́ ẹ, kí orúkọ òun má bàa parun. Àwọn ènìyàn sì ń lọ sí Òkè-Ẹ̀rí láti gbàdúrà níbi tí wọ́n gbà pé a sin ín sí, nítorí wọ́n ní òun ni ọbabìnrin Ṣébà tí ó lọ wo Sólómọ́nì. Ayé Sólómọ́nì ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n wú ilẹ̀ yàrà náà wò rí i pé kò tó 1,500 ọdún. Ṣé irọ́ wá ni ìtàn náà bí? Rárá o. Ó dà bí ẹni pé orúkọ ọbabìnrin náà wọlé lẹ́yìn tí ẹ̀sìn Ìmàle dé. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbé okùn ìwọ̀n dé ni ìtàn ti ń sọ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ yàrà náà, àti pé ẹni tí ó ní agbára lórí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó pàṣẹ rẹ̀. Orúkọ lè yí, yàrà kò yí.

Oríṣi karùn-ún kò ní pẹ́ wa: ìtàn àkúdàáyà àti irú rẹ̀. Ọkùnrin kan kú níhìn-ín, wọ́n rí i ní ìlú mìíràn tí ó ń ṣòwò, tí ó ti gbéyàwó. Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ti yọ, ó pòórá. Ẹni tí ń sọ ọ́ kì í ṣe ẹni tí ó rí i. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó máa ń rí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ó ń fi ẹ̀rù àti ìrètí àwọn ènìyàn hàn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ ọ́ mọ́ ìtàn ìtẹ̀dó.

Ìtàn ìtẹ̀dó gan-an ni ìjà wa wà. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó ni ilẹ̀, òun ni ó sì ni oyè. Nígbà tí Òfin Oyè ti Ìwọ̀-Oòrùn ọdún 1957 jáde, a kọ àṣà yíyan ọba àti ìjòyè sílẹ̀ ní ìlú lé ìlú, ohun tí a kọ sì di ohun tí àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí ní kóòtù. Láti ìgbà náà ni ojú ti ń pọ́n bí ẹnikẹ́ni bá mú gègé. Ìtàn tí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà láìfa ìjà, bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó di ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnìkan, ó di ìtìjú fún ẹnìkejì.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ti mọ bí ìtàn méjì ti í gbé pọ̀. Àwọn kan ní Aláàfin Ṣàngó so. Àwọn kan ní kò so. Méjèèjì ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé àwọn ènìyàn ní láti Mẹ́kà ni Odùduwà ti wá. Òun fúnra rẹ̀ kò gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Kò pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ bí ó ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni ó sọ èrò tirẹ̀. Ọ̀nà tí a fẹ́ kí Ẹgbẹ́ gbà nìyẹn.

A fi ohun mẹ́rin síwájú ìpàdé yìí. Èkíní, kí a kọ ìtàn àdúgbò méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí àwọn tí wọ́n ni ín ti sọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Èkejì, kí a kọ oríṣi tí ìtàn kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí orí rẹ̀, kí òǹkàwé má bàa wá ọdún nínú ìtàn ìwáṣẹ̀, tàbí kí ó wá oyè nínú ìtàn àkúdàáyà. Ẹ̀kẹta, kí a tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé kìn-ín-ní pé Ẹgbẹ́ kò fi ìwé yìí jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni lórí ilẹ̀ tàbí oyè. Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀dà rẹ̀ tí a fọwọ́ kọ má ṣe wà ní ibì kan ṣoṣo. Ọdún 1897 ni Johnson parí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù. Ó kú ní ọdún 1901 láìrí i kí a tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù, kí ó tó jáde ní ọdún 1921. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn, kí ni ìbá kù?

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n àrọ́bá kò sí níbi tí ẹni tí yóò rò ó kò sí. Àwọn tí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ ìlú yìí kò pọ̀ mọ́, ọdọọdún ni a sì ń sin nínú wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó padà sí ìdálẹ̀, kí olúkúlùkù jókòó ti àgbà ilé rẹ̀ ní alẹ́ kan, kí ó gbọ́, kí ó sì kọ ọ́ bí ó ti gbọ́ ọ. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí, kí ó sì jẹ́ kí ìlú wa tòrò.