Ọrùn Ọwọ́ Tó Ń Roni Kì Í Ṣe Ìwà Ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ìdílé

Ẹ̀bi tèmi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi lónìí.

Nígbà tí ìyàwó mi bí ọmọ wa kẹta, ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ fi sọ fún mi pé, “Dádì wọn, ọwọ́ yìí ń ro mí o.” Bí ó bá fẹ́ gbé ọmọ, á ké. Kò lè fún aṣọ, kò lè ṣí ìdérí ìgò. Mo dá a lóhùn pé ìyá mi bí ọmọ mẹ́jọ, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbàdúrà, mo fi róbù pa á, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Ó jẹ ìrora yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí a tó dé ọsibítù. Dókítà ní kí ó ká àtàǹpàkò sínú ìkúùkù, kí ó sì rọra tẹ ọrùn ọwọ́ sí ìhà ọmọńdinrín. Igbe tó ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ojú tì mí.

Kí ni àìsàn náà? Iṣan méjì bí okùn ni ó ń ti apá wá sí àtàǹpàkò. Ní ọrùn ọwọ́, wọ́n ń gba inú ihò tóóró kan kọjá, bí okùn ṣòkòtò ti ń gba inú ìgbátí. Tí a bá ń lo ọwọ́ lọ́nà kan náà láìsinmi, awọ ihò náà á nípọn, ọ̀nà á há, okùn kò ní lè lọ geere mọ́. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá. Fritz de Quervain, oníṣẹ́ abẹ ará Switzerland, kọ nípa rẹ̀ ní 1895. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe àìsàn náà.

Obìnrin ni ó ń mú jù, pàápàá láàárín ọdún 30 sí 50, àti ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ìdí ni pé abẹ́ abíyá ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ, tí àtàǹpàkò á yà sọ́tọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Iṣẹ́ télọ̀, irun dídì àti aṣọ fífọ̀ náà lè mú un le sí i.

Ìtọ́jú rẹ̀ nìyí. Èkíní, ìsinmi. Wọ́n á fi splint di ọrùn ọwọ́ àti àtàǹpàkò mú, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Èkejì, ẹ fi aṣọ wé omi dídì, kí ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀kẹta, oògùn ìrora bí ibuprofen; ṣùgbọ́n aláboyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àrùn kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà. Bí kò bá lọ, abẹ́rẹ́ steroid wà tí dókítà ń gún sí ibi ihò náà, ó sì ń wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn. Bí ìyẹn náà kò bá ràn án, iṣẹ́ abẹ kékeré wà láti la ihò náà. Ẹ má fa ọwọ́ náà, ẹ má sì sín gbẹ́rẹ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ṣubú lé ọwọ́, tàbí ibẹ̀ pọ́n tí ibà sì dé, tàbí ìka kú tipiri, ẹ tètè lọ sí ọsibítù, nítorí nǹkan mìíràn lè ni.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ọmọ, ọwọ́ kan lábẹ́ ìdí, èkejì lẹ́yìn, kí àtàǹpàkò sún mọ́ àwọn ìka yòókù.

Ṣùgbọ́n ta ni ó láyè láti sinmi? Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tí ń gé aṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé ó lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ọwọ́ ń ro òun? Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń fọ aṣọ gbogbo ilé ńkọ́? Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ ka àìsàn tí iṣẹ́ fà mọ́ ìpalára. Láàárín ọjọ́ 14 ni kí òṣìṣẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 7 ni kí ọ̀gá fi tó àjọ NSITF létí. Ẹ̀yin ọ̀gá tó wà láàárín wa, ẹ má dúró de òfin. Ẹ fún wọn ní ìsinmi.

Ẹ̀yin ọkọ, àdúrà kò burú. Ṣùgbọ́n àdúrà ẹni tí kò lè gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tí ẹrù ń pa, ẹnu lásán ni. Splint àti abẹ́rẹ́ kan ni ìyàwó mi fi gbádùn. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń fún aṣọ nílé wa, kò sì sí ohun tó dín kù lára mi.

Kí Ọlọ́run bá wa tún ilé wa ṣe.