Páìpù Oníke àti Omi Tí À Ń Mu Ní Agboolé Wa

Iṣẹ́ páìpù ni mo kọ́, òun ni mo sì fi ń jẹun. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ mi bá ń rùn bí gọ́ọ̀mù, ẹ má bínú.

Omi ẹ̀rọ kì í ṣe ohun titun ní Ìbàdàn. Láti ọdún 1942 ni a ti sé odò Ọ̀nà ní Eléyẹlé. Nígbà tí ìlú sì fẹ̀ ju agbára Eléyẹlé lọ, a tún sé odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjíre ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Páìpù irin ni a fi ń fa omi wọ agboolé nígbà náà. Irin náà le, òkò ọmọdé kò lè fọ́ ọ, ṣùgbọ́n láti inú ni ó ti ń bàjẹ́. Ìpẹtà a máa so mọ́ ọn títí ihò tí ó tó àtàǹpàkò yóò fi há bí ihò abẹ́rẹ́, omi tí ó bá sì sùn mọ́jú nínú rẹ̀ a máa pọ́n bí osùn.

Ìdí nìyí tí páìpù oníke fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú èyí tí à ń pè ní PVC fa omi, ní àwọn ọdún 1930. Kì í dípẹtà, ó sì fúyẹ́; ọkùnrin kan lè ru ìdì kan gba àwọn ọ̀nà tóóró Ọjà'ba, níbi tí ọkọ̀ kò lè gbà. Gọ́ọ̀mù tí a fi ń so ó ń yọ́ ara ike méjèèjì pọ̀ ni, wọn a sì di ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó ṣí omi sí i. Ìkánjú ni ó ń ba oríkèé páìpù jẹ́ jù.

Ó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Bí oòrùn bá ń pa á lójoojúmọ́, ó máa ń gan, a sì máa fọ́ bí ìkarahun ìgbín. Àwa oníṣẹ́ tí à ń yan án lórí iná kí ó lè tẹ̀, a ń sọ ara rẹ̀ di fẹ́lẹ́ ni. Omi gbígbóná pẹ̀lú kò bá a mu: bí ó bá ti gbóná ju ìwọ̀n 60 Sẹ́lísíọ̀sì lọ, PVC a máa rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú Òyìnbó, tí páìpù oníke ń gbé omi gbígbóná yí ilé yín ká nígbà òtútù, ẹ má rò pé irú kan náà ni èyí tí ẹ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Fún omi gbígbóná, ẹ ní kí wọ́n ra PPR, èyí tí a ń fi ooru iná lẹ̀ pọ̀ láìlo gọ́ọ̀mù.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé mi dìde lónìí ni gọ́tà. Ní Bẹyẹrúnkà, ní Bẹẹrẹ, ilé fara ti ilé, oníṣẹ́ kì í rí ibi gbà. Nítorí náà gọ́tà ni ó ń tẹ́ páìpù sí. Nígbà tí omi bá ń sáré nínú páìpù, ó ń ti ẹ̀gbin sẹ́yìn; bí ihò bá wà lára rẹ̀, omi lásán ni a ń pàdánù. Nígbà tí wọ́n bá ti omi pa ní orísun, omi tí ó wà lókè á sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ará Òkè Màpó yóò mọ ohun tí mo ń wí. Òfìfo tí ó kù sẹ́yìn á wá máa fa ohunkóhun tí ó bá wà lẹ́bàá ihò náà, ìbáà ṣe omi ìfọṣọ, ìbáà ṣe ìgbẹ́. Bí omi bá tún dé, ife ẹni tí ó kọ́kọ́ pọn ún ni yóò gbé e sí. Ẹni tí ó sì so ẹ̀rọ ìfami mọ́ páìpù ìjọba ń bá ẹ̀gbin náà fà á ni.

Ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854, Dókítà John Snow fi hàn pé ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street ni ó ń tan kọ́lẹ́rà kálẹ̀. Àrùn yẹn náà dé Nàìjíríà ní òpin ọdún 1970, kò sì tíì fi wá sílẹ̀ pátápátá.

Mo ní ìjẹ́wọ́ kan láti ṣe. Ní agboolé tiwa, ọmọ mẹ́ta ni a gbé lọ sí ilé ìwòsàn nínú ọ̀sẹ̀ kan náà, nítorí ìgbẹ́ gbuuru. Ọlọ́run yọ wọ́n. Nígbà tí mo tú páìpù wa wò, ihò wà lábẹ́ oríkèé kan, nínú gọ́tà, èmi fúnra mi ni mo sì so oríkèé náà. Mo gba gọ́tà nítorí pé ó yá, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

A ti hú u kúrò. A gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó orúnkún, a da yanrìn sí ìdí rẹ̀, a sì tẹ́ páìpù titun síbẹ̀. Níbi tí kò ti sí ọ̀nà mìíràn ju kí ó ré gọ́tà kọjá, òkè gọ́tà ni a gbé e gbà, nínú páìpù tí ó tóbi jù ú lọ, láìní oríkèé kankan níbẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀ bí a ti rò. Ohun tí ó ṣòro ni iwájú ilé onílé. Ilé mẹ́rin ni ó yẹ kí a gbà kọjá. Mẹ́ta gbà fún wa, ìkẹrin kò gbà títí di òní. Níwájú ilé náà, páìpù wa ṣì wà nínú gọ́tà, ẹsẹ̀ bàtà 11 ni mo wọ̀n ún. Alága, mo bẹ ẹgbẹ́ kí ó bá wa bá wọn sọ̀rọ̀, kí òjò tó dé.