Ohun tí ìtọ̀ aboyún ń sọ

 

Ẹ̀yin aboyún wa, nọ́ọ̀sì ki pépà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ìtọ̀ yín. Àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Ó ní púrótéènì wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, oorun ò kùn yín mọ́. Àbí?

Ẹ fara balẹ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ kì í dájọ́. Ó kàn ń ta wá lólobó ni. Ó ku ká wádìí.

Púrótéènì ńkọ́? Ó lè jẹ́ omi ojú ara ló dà pọ̀ mọ́ ìtọ̀. Ó lè jẹ́ àrùn ilé ìtọ̀. Ó sì lè jẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ ṣúgà ni wọ́n rí nínú ìtọ̀ ńkọ́? Kíndìnrín aboyún a máa jẹ́ kí díẹ̀ yọ́ jáde. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ bóyá ìtọ̀ ṣúgà ni.

Nítorí náà, ẹ béèrè. Kí lẹ rí? Kí ló kàn? Bí wọ́n bá tún fẹ́ ìtọ̀, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dà nù, kí ẹ gba ti àárín. Ẹ má fi àgbo rọ́pò àyẹ̀wò.

Àmọ́ bí orí bá ń fọ́ yín gan-an, bí ẹ bá ń ríran bàìbàì, bí ojú àti ọwọ́ bá ṣàdédé wú, bí òkè ikùn bá ń dùn yín, ẹ má dúró dọjọ́ àdéhùn. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá wọn lọ o!