Ajá Wo Ni Ká Rà?

Ní alẹ́ òní, ọ̀rọ̀ ajá la fẹ́ bá yín sọ.

Ìyá kan tó ń ta gàrí ládùúgbò wa ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Olè ti fọ́ ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ rẹ̀ wá ní òun yóò ra ajá fún un. Oríṣi méjì ni ọmọ náà rí: ajá Jámánì tí wọ́n ń pè ní Alsatian, àti ajá Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Boerboel. (Ajá ilé wa kéré sí méjèèjì, etí rẹ̀ ò sì di sí ẹsẹ̀ olè, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn.) Ìyá tọ̀ wá wá, ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, èwo ló tóbi jù? Èyí tó tóbi jù ni mo fẹ́."

Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n kí là ń pè ní títóbi? Ṣé gíga ni, àbí ìwúwo?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn gíga wọn. A kì í wọn ajá dé orí, nítorí ajá a máa gbé orí sókè, a sì máa tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èjìká là ń wọ̀n ọ́n dé. Akọ ajá Jámánì tó ti dàgbà ga tó íǹṣì 24 sí 26. Akọ Boerboel ga tó íǹṣì 24 sí 27. Ẹ ò rí i? Bí wọ́n bá dúró pọ̀, ìyàtọ̀ wọn lè má ju ìka kan tàbí méjì lọ.

Ó yá, ẹ gbé wọn sórí ìwọ̀n. Akọ ajá Jámánì wúwo tó kílò 30 sí 40. Boerboel ńkọ́? Ó lè tó kílò 70, òmíràn sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa la mọ àpò sìmẹ́ǹtì. Kílò 50 ni. Ajá Jámánì kò tó àpò kan. Boerboel ju àpò kan lọ dáadáa, àpò ọ̀hún sì tún lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó léyín, ó sì lè sáré!

Ibẹ̀ la ti bi ìyá pé, "Ìyá, ta ni yóò máa di okùn rẹ̀ mú?" Ìyá rẹ́rìn-ín. Òun àti ọmọ-ọmọ méjì ló wà nílé. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bí ajá kílò 70 bá rí ewúrẹ́ lójú títì tó sì fò tẹ̀lé e, ajá ni yóò wọ́ ọmọ lọ. Kò tiẹ̀ dìgbà tó bá bínú. Bó bá ń ṣeré tó fara gbá ọmọ kékeré, ọmọ á ṣubú. A ò sọ pé ajá Jámánì kò lè ṣe èèyàn léṣe o. Ó lè bu èèyàn jẹ gidigidi.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà wà ńbẹ̀. Ajá tó wúwo ní ìlọ́po méjì kì í jẹ ìlọ́po méjì gan-an. Àmọ́ níbi tí ajá Jámánì bá ti jẹ abọ́ mẹ́ta, Boerboel yóò jẹ tó abọ́ márùn-ún. Ojoojúmọ́ ni o! Oògùn aràn pàápàá, bí ajá bá ṣe wúwo tó la ṣe ń wọ̀n ọ́n fún un.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ajá tàn yín jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ lè gbé èyíkéyìí nínú wọn mọ́ra. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi ìyá rẹ̀ hàn yín, àti baba bó bá wà nítòsí. Bí ẹ bá lọ lẹ́ẹ̀mẹta tí wọ́n ṣì ń sọ pé ìyá ajá kò sí nílé, ẹ fura.

Ìyá ronú títí. Ó ní, "Abo ajá Jámánì ńkọ́?" A ní kílò 22 sí 32 ni. Ó ní ìyẹn lòun máa mú. A rán an létí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, a sì ní irun ajá náà nípọn, kí ó wá ibòòji àti omi fún un.

Ajá ọ̀hún ti dé ilé rẹ̀ báyìí. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ń di okùn mú. Àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ dá mú un jáde.

Ó yá o, ẹni tó bá ní ìbéèrè kó nawọ́ sókè.