Eré Orin Gbangba Láìlo Epo



Níwọ̀n bí a ti ń gbèrò eré orin ní gbangba tí oòrùn yóò fún ní agbára, ó yẹ kí á mọ ohun tí a dáwọ́ lé. Ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí á gbọ́ ohun tí gángan ń wí. Èéfín rẹ̀ a sì máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2024, ẹgbẹ́ olórin Massive Attack fi agbára bátìrì ṣeré ní pápá ìlú Bristol, láìlo dísẹ́ẹ̀lì.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí iná àti ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè bá ń jẹ kílówáàtì 2 fún wákàtí 4, kílówáàtì-wákàtí 8 ni. Kí bátìrì wa tó 12, nítorí a kì í fà á gbẹ. Oòrùn kì í ràn lóru; kí á ti máa gbà á pamọ́ láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, nítorí ọjọ́ kùrukùru.

Bí iná bá kú láàrín orin, wọn yóò ní eré ọmọdé ni a ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí á ka iye gílóòbù kí á tó pe onílù.